Ìrọ̀lẹ́ Mẹ́ta Tí Òṣùpá Kò Wọ Àgbàlá Wa

Ilẹ̀ tó yí òjìji mi ká ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé nǹkan kò rí bó ṣe yẹ kó rí. Mo ń kó àgbàdo tí a sá wọlé, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, mo sì rí i pé ilẹ̀ náà pọ́n bí omi tí wọ́n ti irin tó dípẹtà bọ̀. Àwọn ewúrẹ́ dúró sójú kan, wọn kò jẹ àpọ̀jẹ. Òórùn kan wà nínú afẹ́fẹ́, bí òórùn ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná.

Mo gbójú sókè. Lẹ́yìn igi òrí tó wà ní ìlà-oòrùn ilé wa, níbi tí òṣùpá yẹ kó ti yọ, ohun kan ń gòkè bọ̀. Ó pọ́n bí ebè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Ó fẹ̀ tó òṣùpá méjì, àpá dúdú sì wà lójú rẹ̀.

Ní Ofìkì ni ilé wa wà, iṣu àti àgbàdo ni mo ń gbìn. N kò lọ iléèwé. Ara bébà tí wọ́n fi ń di àkàrà ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, títí mo fi lè kọ orúkọ gbogbo ará ilé. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú ni mo ti ń kọ ìwé ilé: ẹni tí a bí, ẹni tó kú, ẹni tó rìnrìn-àjò, ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Bàbá wa ló dá a sílẹ̀ pé ní ìrọ̀lẹ́ tí òṣùpá bá kún, kí gbogbo wa jókòó sí àgbàlá kí á ka ara wa. Orí lòun fi ń kà á. Èmi ń kà á láti inú ìwé, ohùn mi sì máa ń lọ sókè. Bí ìyàwó ilé bá lóyún, mo máa ń ka oṣù rẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí ìyẹn ni àwọn ìyàwó ṣe ń pè mí ní Akọ̀wé.

Mọ́ládé, ìyàwó Rótìmí àbúrò mi, ti lóyún lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni oyún náà wálẹ̀ ní oṣù kẹfà. Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo ń sọ yìí, ẹ̀kẹrin ló wà nínú rẹ̀, òṣùpá kẹfà ló sì yẹ kó yọ.

Olùkọ́ ni Mọ́ládé ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ náà, ó ti ní kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ rò ó wò pé bí wọ́n bá gbé òṣùpá kúrò, tí wọ́n fi ọ̀kan nínú àwọn ayé tó ń yí oòrùn po sípò rẹ̀, báwo ni ojú ọ̀run yóò ṣe rí. Ó mú eré náà wálé. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí èmi àti Rótìmí, bi í pé èwo ló tóbi jù.

"Júpítà ni, Ìyá. Bó bá dúró síbi tí òṣùpá wà, yóò bo ojú ọ̀run láti orí igi òrí yẹn dé orí táǹkì omi Misturat nílé kejì."

"Gbé ìyẹn wá jàre. Bóyá n ó tún ríran fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́."

A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mọ́ládé jókòó lórí ẹní, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ikùn.

"Ayé pupa tí wọ́n ń pè ní Máàsì nìyẹn, Akọ̀wé," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Bí mo ṣe yà á fún àwọn ọmọ gẹ́lẹ́ ló rí."

Mo pe aládùúgbò wa láti orí ọgbà. "Misturat, kí lo rí lójú ọ̀run?"

"Òṣùpá ni, Bàbá Débọ́lá. Àbí ẹ tún fẹ́ kọ orúkọ tiẹ̀ náà sínú ìwé ni?"

"Wá sọ́dọ̀ wa ná."

Ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kan wọ àgbàlá wa, ẹ̀rín náà dá. Ó padà síta, ó wòkè. Ó tún wọlé, ó wòkè. Lẹ́yìn náà, ó rọra lọ jókòó ti Ìyá Àgbà.

Mo ti ṣí ìwé. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá fojú rí nìkan ni mo ń kà. N kò rí òṣùpá, nítorí náà n kò lè ka òṣùpá kẹfà fún ẹnikẹ́ni. Mo pa ìwé dé. Ìgbà yẹn ni ohùn kan wá láti ẹ̀yìn ọgbà, ohùn jẹ́jẹ́ bíi ti ọmọlúwàbí.

"Akọ̀wé, a ò gbọ́ nǹkan kan lónìí o."

Mo mọ ohùn náà. Láti ọdún mélòó kan, bí mo bá kàwé tán, ó máa ń dáhùn pé, "Mo gbọ́." Mo la ẹnu láti fèsì, Ìyá Àgbà sì fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu.

"Ta lo fẹ́ dá lóhùn?"

"Ọkọ Misturat ni."

Misturat wò mí. "Bàbá Débọ́lá, ọkọ mi wà ní Ìlọrin. Kò tíì wálé láti ọdún mẹ́fà."

Lẹ́yìn ọgbà, a gbọ́ tí ẹnìkan jókòó lé koríko gbígbẹ, bí ẹni tó ṣe tán láti dúró.

Ìyá Àgbà kò pariwo mọ́ mi. "Mákánjúọlá, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àwa tí a jókòó ni bàbá yín ń kà, kò ka ẹni tó ṣì wà nínú ikùn rí. Ìwọ lo fi ìyẹn kún un, ohun tó wà lẹ́yìn ọgbà yẹn ló sì ń gbọ́ ọ."

Mo wọ iyàrá, mo ṣí ìwé náà sẹ́yìn. Lójú ewé mẹ́ta, mo rí i: *Mọ́ládé, oṣù kẹfà, mo kà á.* Ìlà tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ kejì: *Kò dúró.* Ọwọ́ mi ni, ó mọ́ tónítóní, mo tiẹ̀ fi rúlà fa ìlà sí i nídìí. Ìlà méjèèjì fara kanra láti ọdún mélòó kan wá, n kò sì kà wọ́n pọ̀ rí.

Mo jáde lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó àbúrò mi. Mo sọ ohun tí mo rí fún un.

"Òṣùpá ni mo rò pé ó ń mú wọn lọ," ó wí. "Òun ni mo ṣe ń bẹ Ọlọ́run pé kó gbé e kúrò níbẹ̀, kó fi òmíràn síbẹ̀, èyíkéyìí. Ẹ dìde, Akọ̀wé. Ẹ má tíì bẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kó kọjá ná."

Ní ìrọ̀lẹ́ kejì, Júpítà yọ. Ó bo ojú ọ̀run láti orí igi òrí dé orí táǹkì, ó ní ìlà lára bí aṣọ òfì Ìsẹ́yìn, ojú pupa kan sì ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyá Àgbà wò ó títí, ó dìde, ó lọ mú abẹ́rẹ́ wá. Ó fi òwú sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ ìgbọ́mọ. Ohùn ẹ̀yìn ọgbà bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé oṣù mélòó ni. Mo pa ẹnu mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ kẹta, èyí tó ní òrùka ló yọ. Mọ́ládé ní Sátọ̀n ni. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tutù, òrùka náà gba orí ilé wa kọjá, kò sì dún. Mọ́ládé ní ọmọ náà ń ta nínú òun bí ẹni tó fẹ́ jáde wá wò ó. Lẹ́yìn ọgbà, ohùn náà ti yí padà. Ohùn bàbá wa ni.

"Mákánjú, ọmọ mi. Ka ilé fún mi. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ orúkọ yín."

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń wá ohùn yẹn. Omi bọ́ lójú mi. Kí n tó mọ̀, ìwé ti ṣí lọ́wọ́ mi. Mọ́ládé na ọwọ́, ó gbà á, ó fi í sábẹ́ ìdí, ó sì jókòó lé e.

"Ẹ ní kó wá mú un níbí," ó wí.

Ìyá Àgbà kò gbójú kúrò lára aṣọ tó ń rán. "Ọkọ mi kì í dúró lẹ́yìn ọgbà," ó wí. "Ẹnu ọ̀nà ló ń gbà wọlé."

Koríko gbígbẹ náà dún. Ẹsẹ̀ wúwo kan kọrí sí ọ̀nà Òkákà, títí a kò fi gbọ́ ọ mọ́. Lọ́jọ́ kejì, òṣùpá wa padà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti ń dín kù. N kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni Mọ́ládé bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Rótìmí wá ọkọ̀, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n mú un wọ inú, èmi àti Rótìmí sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú nọ́ọ̀sì tó ń gba orúkọ.

"Oṣù mélòó ni?" nọ́ọ̀sì bi wá.

Rótìmí wò mí. Èmi ni gbogbo ilé ń bi ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ní n kò mọ̀, kó wo inú káàdì. Nọ́ọ̀sì gba káàdì náà, ó ń kọ̀wé, ó gbé omi sẹ́nu.

"Oṣù mélòó ni, Akọ̀wé?"

Omi ṣì wà lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Rótìmí ń wo ilẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Fèrèsé tó wà lẹ́yìn mi ṣí sílẹ̀, òórùn koríko gbígbẹ sì ń wọlé. N kò yíjú wò ó. Mo dìde, mo fi ẹ̀yìn mi dí ojú fèrèsé náà, mo sì dúró bẹ́ẹ̀ títí igbe ọmọ tuntun fi dún láti inú yàrá.