Kàpténì Tó Gba Ọkọ̀ Ismay ní Àlọ Nìkan

Elrica Hazell dé èbúté ní Grenada pẹ̀lú báàgì léjìká àti búrẹ́dì tó fẹ́ jẹ lórí omi. Ó wo gbogbo ọkọ̀ tó so síbẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kò rí tirẹ̀. Ó tún wò wọ́n padà. Ọkọ̀ òyìnbó wà níbẹ̀, ọkọ̀ apẹja wà níbẹ̀, kódà èyí tó ti bà jẹ́ tí ẹyẹ ń yàgbẹ́ sí lórí wà níbẹ̀. Ismay nìkan ni kò sí.

Ó bi ọkùnrin tó ń ṣọ́ èbúté. Ọkùnrin náà ní òun kò rí ọkọ̀ funfun kankan láti Bequia, ó sì béèrè ẹni tó wà á. Elrica ní Kàpténì Clevon Prescod ni, ó gbà á ní àlọ nìkan, ibí ni wọ́n jọ sọ pé yóò fi í sílẹ̀ sí.

"Àlọ nìkan," ni ọkùnrin náà wí, ó ń họ orí. "Ó jọ pé ó ti lọ lóòótọ́, Mísì."

Ẹ má tíì bú ọmọbìnrin náà o. Ará Bequia ni èmi náà, mo mọ bí a ṣe ń ṣe é. Atẹ́gùn wa kì í yẹ̀, láti ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́. Téèyàn bá ń ti ọ̀dọ̀ wa sọ̀kalẹ̀ lọ sí Grenada, ìgbòkun á kún, ọkọ̀ á máa sáré lórí omi, àlejò á rò pé òun náà ti di atukọ̀. Àmọ́ tó bá di àbọ̀, ìgbì ni yóò máa gbá wọn lójú títí dé ilé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ọkọ̀ ní àlọ nìkan. Wọ́n á jẹ ayé tiwọn dé ìsàlẹ̀, wọ́n á so ọkọ̀ mọ́ èbúté, ẹni tó ni ín ni yóò lọ fi ojú ara rẹ̀ gba ìgbì bọ̀ wálé.

Bí Prescod ṣe wá bá Elrica nìyẹn, pẹ̀lú fìlà funfun àti ẹ̀rín tó dé etí. Ó ní ìdílé kan láti Barbados fẹ́ rìn láti erékùṣù dé erékùṣù. Àwọn méjèèjì jókòó síwájú ilé, wọ́n ń ṣètò ìrìn náà títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù: ibi tí wọn yóò sùn sí ní Mayreau, ibi tí wọn yóò ti bu omi mímu ní Union, ọ̀nà tí wọn yóò gbà kí òkúta má baà gbá ìdí ọkọ̀. Ọkùnrin náà mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Elrica wá ní kó wa Ismay yí èbúté ká kí òun wò ó. Prescod wà á, ó yọ́ kọjá láàárín àwọn ọkọ̀ yòókù láìfara kan ọ̀kankan, àwọn tó jókòó lábẹ́ igi fúrúùtù sì pàtẹ́wọ́ fún un. Mo wà lára wọn, mo pàtẹ́wọ́. Àléébù wa ní Bequia nìyẹn: ẹni tó bá ti mọ ọkọ̀ wà, ọmọlúàbí ni lójú wa. Kò sẹ́ni tó béèrè ilé bàbá rẹ̀.

Ismay kì í sì í ṣe ọkọ̀ lásán. Bàbá Elrica ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án létí òkun, ó fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú pè é. Lẹ́yìn náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ gbá a mú lápá àti lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Kò lè kan òmíràn mọ́ láyé yìí. Dókítà sì ti kìlọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó lè da ọkàn rẹ̀ láàmú kò gbọdọ̀ dé etí rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Bàbá Hazell pe Elrica lórí fóònù pé ṣé ó ti rí Ismay, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè bí ẹni tí inú ń dùn, ó ní òun ti rí i, ìtọ́kọ̀ rẹ̀ ló fẹ́ àtúnṣe díẹ̀, àwọn ń bọ̀. Ó pa fóònù, ó jókòó sórí báàgì rẹ̀, ó sunkún.

Àwọn ọlọ́pàá Grenada kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní kó lọ dúró nílé. Elrica kò rí irú ìdúró tí òun yóò dúró níwájú bàbá òun. Ó wọ ọkọ̀ èrò tó ń lọ sí Carriacou, erékùṣù tó wà láàárín Bequia àti Grenada, nítorí kò sí bí Prescod ṣe fẹ́ sọ̀kalẹ̀ tí kò ní gba ibẹ̀ kọjá. Bí ọkọ̀ náà ṣe ń sún mọ́ èbúté Hillsborough, ó rí ọkọ̀ onígbòkun kan tó so létí Sandy Island. Àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún, orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni Victoria. Àmọ́ ìdí ọkọ̀ náà, bó ṣe tẹ̀ wọnú díẹ̀ kó tó kan omi, kò sí ẹlòmíràn tó ń kàn án bẹ́ẹ̀. Ó dá a mọ̀ bí èèyàn ṣe ń dá ìyá rẹ̀ mọ̀ látẹ̀yìn nínú ọjà. Ó ní kí atukọ̀ dúró. Atukọ̀ ní òun kì í ṣe takisí.

Kọ́pùrù Bethel ni Elrica bá ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó ń jẹ àgbàdo sísun.

"Àwọ̀ wo ni ọkọ̀ rẹ?"

"Funfun."

"Èyí tó o rí ńkọ́?"

"Àwọ̀ ewé."

"Orúkọ tìrẹ?"

"Ismay."

"Ti ibẹ̀ yẹn?"

"Victoria."

Bethel wo àgbàdo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Mísì, ṣé o rí ẹjọ́ tó o fẹ́ kó sí mi lọ́rùn?"

Síbẹ̀, ó dìde. Wọ́n fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lọ sí Sandy Island, ṣùgbọ́n èédú tí wọ́n fi yan ẹja ni wọ́n bá, ó ṣì ń rú èéfín. Prescod ti lọ. Apẹja kan sọ fún wọn pé ó ti yí lọ sí èbúté Tyrell Bay, ó ń wá èrò tó fẹ́ lọ sí Trinidad ní àlọ nìkan. Elrica ní kí wọ́n lọ mú un kíá. Bethel ní rárá. Ó ní ìwé tó sọ pé ọkùnrin náà ló ni Victoria yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ dájúdájú, òun kò sì lè ti èèyàn mọ́lé nítorí ìdí ọkọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bó bá fi lè rí aṣọ ọlọ́pàá, atẹ́gùn wà lẹ́yìn rẹ̀, yóò ti jáde lẹ́nu Tyrell Bay kí òun tó dé fìlà. Láti ibẹ̀, ó di Trinidad, ó di gbére.

Ilé Táńtì Orpha ni Elrica sùn sí. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni Táńtì yìí, ó ti fẹ́ ọkọ sí Carriacou láti ìgbà èwe, ọkọ ti kú, ẹnu kò kú. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò sọ pé pẹ̀lẹ́. Ó gbé àkàrà dídín àti ẹja oníyọ̀ síwájú ọmọ náà, ó bi í ní ìbéèrè kan péré, pé ṣé olè náà ti rí ojú òun rí. Elrica ní kò rí i rí.

"Ó dáa," ni Táńtì Orpha wí. "Mo fẹ́ lọ gbafẹ́ ní Trinidad."

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, Táńtì dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi àtíkè pa ojú, ó wọ ilé ọtí tó wà létí Tyrell Bay. Prescod jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìgò ọtí níwájú. Ní tábìlì kejì, Bethel wọ ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó, ó ń ta dómínò pẹ̀lú àwọn apẹja, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ gan-an. Táńtì sọ fún Prescod pé òun fẹ́ ṣe ìyàwó. Ó ní àádọ́rin ọdún kò ní kí ara má yá, pé ọkọ òun tuntun ní ilé ní Trinidad, òun kò sì ní èrò àtipadà, nítorí náà àlọ nìkan ló bá òun lára mu. Inú Prescod dùn débi pé ó ra ọtí fún un. Táńtì mu ún. Ó béèrè ibi tí wọn yóò ti dúró sùn, ó béèrè irú bẹ́ẹ̀dì tó wà nínú ọkọ̀ àti bóyá ó le, nítorí ẹ̀yìn òun kì í ṣe ti ọmọdé mọ́. Ó ní kò sí irọ̀lẹ́ tí òun kò ní jẹ ọbẹ̀ ìgbín òkun. Prescod ń fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀. Ó ti fọwọ́ sí i, ó sì ti gba owó, fún tọkọtaya tíṣà kan àti fún ọkùnrin kan tó ń ta ewúrẹ́, ọkọ̀ kan náà, ọjọ́ kan náà.

"Kàpténì, ọmọ mi," ni Táńtì wí, "ta ló kan ọkọ̀ yìí?"

"Bàbá mi ni, mà. Èmi ni mo ń bá a di pákó mú."

"Ṣé ẹ ṣe ìsàmì fún un?"

"A ṣe é, mà. Fáàdá wá, gbogbo ìlú wá."

"Ta ni ìyá ìsàmì rẹ̀?"

Ọwọ́ Bethel dúró sórí dómínò. Ní àwọn erékùṣù wa, ọkùnrin lè gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n bí ìyàwó rẹ̀, yóò sì bẹ̀bẹ̀. Ìyá ìsàmì ọkọ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́ gbàgbé, ẹni tó rán àsíá rẹ̀, tó sì ṣí aṣọ lójú orúkọ rẹ̀ níwájú gbogbo ayé.

"Àǹtí mi kan ní Barbados ni," ni Prescod wí. "Obìnrin dáadáa. Ó ti kú. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere."

"Àmín," ni Táńtì Orpha wí. Ó ṣí fìlà lórí, ó gbé e sórí tábìlì. "Òkú náà ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Èmi ni mo rán àsíá ọkọ̀ yẹn. Èmi ni mo ṣí aṣọ lójú orúkọ rẹ̀ ní Bequia, mo sì jẹ ẹran àgùntàn ọjọ́ náà títí inú fi run mí. Ismay ni wọ́n ń pè é. Ìwọ olè yìí."

Bethel dìde, dómínò fọ́n káàkiri. Ṣùgbọ́n Prescod kì í ṣe ẹni tí ń dúró gbọ́ àlàyé. Ó ti gba ojú fèrèsé bọ́ sétí òkun, ó ti kó sínú ọkọ̀ kékeré rẹ̀, ó ń wà á bí ẹni tí oyin ń lé. Ó dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ńlá, ó fò gòkè, ó bá Elrica tó jókòó síbẹ̀.

Apẹja kan ló ti gbé Elrica gba ẹ̀yìn wá nígbà tí Táńtì ń fi ọ̀rọ̀ dá Prescod dúró. Ó ti fi ọ̀bẹ họ ọ̀dà tuntun náà kúrò lára ìdí ọkọ̀. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ sínú pákó ti ń yọ jáde, ó ti họ ọ́ dé ìdajì. Ó tún ti yọ ọ̀pá tí wọ́n fi ń darí ìtọ́kọ̀, ó gbé e lé itan.

"Sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ mi," ni Prescod wí.

"Ọkọ̀ ta ni?"

Prescod fa ọ̀bẹ yọ. Elrica di ọ̀pá náà mú. Àmọ́ ọkùnrin náà kọjá lára rẹ̀, ó gé okùn ìdákọ̀ró. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sún, atẹ́gùn ń tì í jáde. Prescod sáré wá sídìí ọkọ̀, ó nawọ́ sí ọ̀pá ìtọ́kọ̀, òfìfo ló dì mú. Ó yíjú padà, ó rí i lọ́wọ́ Elrica.

"Gbé e wá, àbí kí n fi ọ̀bẹ yìí gbà á."

"Máa bọ̀ wá gbà á."

Prescod gbé ẹsẹ̀ kan. Elrica fi gbogbo agbára ju ọ̀pá náà sínú òkun. Ó bọ́ sí iwájú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń sáré bọ̀, apẹja kan nawọ́ he é lójú omi. Bethel wà níwájú rẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó, ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú bí ẹni tí òkun ń bà lẹ́rù, ó sì ń bà á lẹ́rù lóòótọ́. Ismay ń yí kiri láìsí ẹni tó ń darí rẹ̀, ó ń lọ tààrà sí ara àwọn òkúta ẹnu èbúté. Elrica gbàgbé ọ̀bẹ, ó gbàgbé olè, ó sáré lọ síwájú, ó ju okùn sí wọn. Wọ́n mú un, wọ́n fà á. Ọkọ̀ náà dúró nígbà tí òkúta kò jìnnà mọ́.

Prescod wo agbami òkun, ó wo àwọn apẹja tó ń gòkè wọlé, ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀, ó jókòó, ó káwọ́ lérí. Bethel bi í pé ọkọ̀ ta ni.

"Tirẹ̀ ni," ni Prescod wí, ó nawọ́ sí Elrica.

Ó jẹ́wọ́ yòókù ní àgọ́. Kò sí ìdílé kankan ní Barbados. Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ ń dúró dè é ní Trinidad. Àlọ nìkan ló sì máa ń béèrè fún níbi gbogbo, nítorí kò sẹ́ni tó ń wo ọ̀nà fún ọkọ̀ tí wọn kò retí pé kó padà. Àwọn tíṣà méjèèjì gba owó wọn, wọ́n dì mọ́ra wọn. Ẹni tó ń ta ewúrẹ́ gba tirẹ̀, ó fi ewúrẹ́ kan ta Táńtì Orpha lọ́rẹ.

Táńtì ló bá Elrica wa Ismay padà sí Bequia. Ìgbì gbá wọn lójú títí. Ewúrẹ́ náà bì. Bí wọ́n ṣe wọ èbúté wa, gbogbo wa ti wà létí òkun, a sì gbé Bàbá Hazell lórí àga wá sójú omi gan-an. Bí Elrica ṣe rí i, ó gbàgbé gbogbo ohun tó ti fẹ́ sọ. Ó fò sínú omi, ó rìn wá bá a, ó tún bẹ̀rẹ̀ irọ́ rẹ̀ pé àwọn tó tún ìtọ́kọ̀ ṣe ní Grenada ló ṣèèṣì kùn ún ní àwọ̀ ewé.

"Orpha pè mí láti ọjọ́ tó o ti sùn sílé rẹ̀," ni bàbá rẹ̀ wí. "Gbogbo Bequia ló mọ̀. Mo ní kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kó o mọ̀ pé mo mọ̀, kí ọkàn rẹ má baà pín sí ọ̀nà méjì."

Elrica fi orí lé orúnkún rẹ̀. Bàbá Hazell fi ọwọ́ òsì, èyí tó ṣì lágbára, nu iyọ̀ òkun kúrò lójú ọmọ rẹ̀. Ó wá ní kí ẹnì kan bá òun gbé ọ̀bẹ wá, kí wọ́n sì ti àga òun sún mọ́ ìdí ọkọ̀, kí òun bá wọn họ ìdajì tó kù.