Apá Kẹrin Orin Títíladé

Bàtà mẹ́ta ló yẹ kó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọládòṣù onílù, ọmọ Sẹ́ráfù pọ́ńbélé, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ bàtà níbi tí orin bá ti ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Títíladé jáde wá gba atẹ́gùn lọ́sàn-án ọjọ́ kìíní, mẹ́rin ló bá. Ẹ̀kẹrin jẹ́ bàtà táyà àtijọ́ tí eruku bò. Ó rò pé àgbẹ̀ kan ló gbàgbé rẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí láyé àtijọ́ ní Akanran ni wọ́n ti ń gba orin náà sílẹ̀. Bàbá Jùbrílù tó ni ilé yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn. Ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn, ariwo òde kì í wọ ibẹ̀. Sódìq tó ń ta béèsì gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò níta, ó sì fa wáyà wọlé.

Orin rọ́ọ̀kì ni, ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún gbáko, irú èyí tó ń gbé olùgbọ́ lọ bí ẹni ń lálàá lójú ṣíṣí. Ọdún mẹ́ta ni Títíladé fi hun ún. Lápá kìíní, gìtá rẹ̀ nìkan ni, ohùn mẹ́ta péré, tí gbohùngbohùn ń dá a lóhùn. Lápá kejì, ìlù àti béèsì á bẹ́ wọlé, wọ́n á máa ka ìró ìlù ní eéje-eéje, ọkàn olùgbọ́ ò sì ní balẹ̀. Lápá kẹta, gbogbo rẹ̀ á tú ká. Títíladé á máa fi ṣíbí ha okùn gìtá títí yóò fi máa ké bí ẹyẹ tó sọnù. Apá kẹrin ló fẹ́ràn jù: gbogbo wọn á padà, wọ́n á jọ pariwo títí dé òpin.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí kọ̀ǹpútà gbà, wọ́n tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Lápá kẹrin, ìlù dákẹ́. Béèsì dákẹ́. Gìtá nìkan lọ díẹ̀ sí i, òun náà dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ ṣe é dópin. Òógùn ṣì wà lára wọn.

"Wáyà ni," Sódìq wí. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Bákan náà ló rí lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Bàtà táyà yẹn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n eruku ti kúrò lára rẹ̀.

Ọládòṣù rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí Títí, wọ́n ń kọ́ wa ni. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti dákẹ́, kó dìde, kó bọ́ síta."

"Ta ni wọ́n? Orin mi ni, Dòṣù!" Inú bí i. Ọdún mẹ́ta kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà á pẹ̀lú, ló bá gbà láti dán an wò lẹ́ẹ̀kan péré.

Lọ́jọ́ kẹrin, nígbà tí wọ́n dé apá kẹrin, Ọládòṣù gbé ọ̀pá ìlù sílẹ̀, ó jáde. Sódìq tẹ̀ lé e. Gìtá wá dùn mọ́ Títíladé lọ́wọ́ débi pé ó fẹ́ jókòó tì í. Ni ẹ̀mí tútù kan bá fẹ́ sí i lọ́rùn, bí ẹni tó dúró tì í tó mí kanlẹ̀. Ó gbé gìtá sílẹ̀, ó sáré jáde. Kò tíì dé ìdí máńgòrò tí ògiri ẹ̀yìn fi wó, tó sì fa òrùlé lulẹ̀.

Bàbá Jùbrílù sáré dé, kẹ́tùlù àlùwàlá ṣì wà lọ́wọ́ wọn. "Ṣé ó ku ẹnì kan nínú ilé?"

"Kò kù, Bàbá," Títíladé dáhùn.

Sódìq tan ohun tí kọ̀ǹpútà gbà. Lẹ́yìn gìtá, wọ́n gbọ́ irin lórí irin, díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀meje. Lẹ́yìn náà ni ògiri.

Bàbá Jùbrílù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mikail nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ló ń wọn kòkó níbí. Tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á lu irin lẹ́ẹ̀meje kí gbogbo lébìrà lè jáde. Ògiri ẹ̀yìn yìí náà ló wó lù wọ́n pa. Èmi ni mo tún un mọ. Gbogbo èèyàn ti jáde lọ́jọ́ náà. Àwọn ṣì ń lu irin, bóyá ó ku ẹnì kan."

Títíladé kúnlẹ̀ níwájú àwókù náà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ ṣeun, Bàbá Mikail. Ẹ ṣeun gan-an ni." Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, bàtà mẹ́ta péré ló kù.

Kò yọ lílù irin yẹn kúrò nínú orin. Títí di òní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń jáde lápá kẹrin. Lóṣù tó kọjá, wọ́n lọ ṣeré ní gbọ̀ngàn kan ní Ìrókò. Títíladé ka bàtà ẹnu ọ̀nà, ó bá mẹ́rin. Ó tẹríba, ó to bàtà táyà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó sì dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo ògiri.