Mẹ́mọ̀rì Tí Eyín Rẹ̀ Mọ́ Jù

Kọ̀ǹpútà ayàwòrán tún kú lójijì láàárín iṣẹ́, fídíò ìgbéyàwó tó ń ṣe lórí rẹ̀ sì dá dúró. Ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù tìbínú-tìbínú, ó gbé e ka iwájú Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níbẹ̀.

"Ìwọ lo fi mẹ́mọ̀rì kún un. Ìwọ náà lo bà á jẹ́."

Lórí tábìlì kejì, Àgbà Ṣọ́ọ̀bù tẹrí ba, ó ń dé ìdè ara kọ̀ǹpútà kan tí kò tú. Inú rẹ̀ ń dùn. Òun ló kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò tó wá bá a níbẹ̀ ni àwọn oníbàárà wá fún lórúkọ oyè, tí wọ́n ń pè é ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀. Ta ló yin òun rí? Ọ̀gá sì ti ní ojú òun ti ń ṣú, òun máa fi ṣọ́ọ̀bù lé ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́. Ìlara kò jẹ́ kó gbádùn oúnjẹ mọ́.

Ọ̀gá tú kọ̀ǹpútà náà. Obìnrin tí kì í pariwo ni.

"Méjì tí o fi sí i, irú kan náà ni?"

"Irú kan náà ni, mà."

"Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ ìyá. Ọ̀kan yára, ìkejì ń fà. Eré èyí tó yára lo tò ó sí, èyí tó ń fà ò lè bá a sá a. Ìdí tó fi ń kú nìyẹn. Ta ló tún fọwọ́ kàn án?"

"Mi ò mọ̀, mà. Mo fi í sórí tábìlì, mo lọ jẹun."

Àgbà Ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ ẹ̀rọ̀ náà máa ń ṣì í ṣe."

Ọ̀gá yọ èyí tó ń fà, ó gbé e súnmọ́ ojú. Ara rẹ̀ ti họ, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ tó fi ń wọnú kọ̀ǹpútà, tó dà bíi wúrà, ń dán, èérún rọ́bà pupa sì há sí i.

"Kí lo fi ń nu eyín mẹ́mọ̀rì?"

"Òwú àti sípíríìtì, mà, bí ẹ ṣe kọ́ mi."

"Ẹnì kan ṣoṣo ni mo kọ́ láti máa fi rọ́bà tí ọmọ iléèwé fi ń pa ìwé rẹ́ nù ún, nígbà tí a ò tíì rówó ra sípíríìtì. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà."

Àgbà Ṣọ́ọ̀bù ti gbé àpò kọ́ èjìká. "Mo fẹ́ lọ ra wáyà."

Ayàwòrán dí ẹnu ọ̀nà. "Lọ́la ni kí o rà á." Ó ti ń pe ọlọ́pàá.

Àgbà Ṣọ́ọ̀bù yí padà sí fèrèsé ẹ̀yìn, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan jáde kí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ tó di okùn àpò mú. Okùn já. Agolo bisikíìtì bọ́ sílẹ̀, mẹ́mọ̀rì tú káàkiri: gbogbo èyí tó yára tó ti ń yọ lára kọ̀ǹpútà àwọn oníbàárà Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀.

"Ò ń tà wọ́n?" Ọ̀gá bi í.

"Mi ò ta ọ̀kankan."

"Kí lo wá ń kó wọn fún?"

Ọlọ́pàá wọlé, wọ́n dì í mú. "Orúkọ yẹn ni, Ọ̀gá. Mo fẹ́ kó bọ́ lára rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo yín ń yìn. Èmi ńkọ́?"

Ọ̀gá na mẹ́mọ̀rì tó ń fà náà sí i. "O fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́, síbẹ̀ o jókòó, o nu eyín rẹ̀ mọ́ kí o tó kì í bọ kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ yẹn ni mo fi dá ọ mọ̀. Òun náà ni mo wò tí mo fi pinnu pé ìwọ ni mo máa fi ṣọ́ọ̀bù lé lọ́wọ́."

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ dá èyí tó yára padà sínú kọ̀ǹpútà ayàwòrán. Bí wọ́n ṣe ń mú Àgbà Ṣọ́ọ̀bù jáde, ó gbọ́ tí kọ̀ǹpútà tàn lẹ́yìn rẹ̀, tí fídíò ìgbéyàwó ń kọrin. Ayàwòrán mí kanlẹ̀.

"Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀," ó ní, "má bínú sí mi."