Ọ̀rọ̀ Mi Lẹ́nu Rẹ

Ọkùnrin gíga kan ló ń la àárín àwọn àdìrẹ tútù tí wọ́n sá sẹ́nu ọ̀nà bọ̀. Ó ń fi ọwọ́ kan gbé wọn sókè bí ẹni ń ṣí aṣọ ìkélé, ó fi ìkejì di fóònù mú, ẹ̀rín sì kún ojú rẹ̀. Omi aró ti kán sí èjìká ẹ̀wù funfun rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀. Ràhámátù rí i láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lórí aṣọ tó ń ká.

"Ẹ kú ọjà o. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ìkànnì àdìrẹ yìí? Àbúrò mi obìnrin ní Kútọnu fẹ́ ra ìró méjì, ṣùgbọ́n ẹ lé e jáde."

"Àwa kẹ̀? A lé oníbàárà jáde báwo?"

Ó na fóònù sí i. "Ibi tó yẹ kó ti sanwó rèé. Ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ lédè Faransé ni pé kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì."

Ràhámátù fẹ́ bínú, àmọ́ ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rọ ló ní kó bá òun tú u láti Gẹ̀ẹ́sì; 'checkout' ti ìsanwó ló sọ di ti òtẹ́ẹ̀lì. Abájọ! Àwọn ará Dákà àti Àbíjàn a kó aṣọ sínú agbọ̀n lórí ìkànnì náà, bí wọ́n bá dé ibi ìsanwó, wọn a pòórá bí ìrì.

"Ẹ jókòó," ló wí. "Ẹ ò ní kúrò níbí títí ẹ ó fi sọ èyí tó kù fún mi."

Abdulbaqi lorúkọ rẹ̀, tíṣà Faransé ni nílé ìwé kan n'Íbarà. Ọmọ Àjàṣẹ́ tó wà nítòsí Kútọnu ni. Yorùbá ni bàbá rẹ̀ tó ti ṣaláìsí tipẹ́, Ègùn ni ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ilé ìwé bá ti parí, Ìtòkú ló ń forí lé. Wọn a jókòó sójú ṣọ́ọ̀bù, níṣojú àwọn aláró, wọn a máa tú ibi ìsanwó náà ní bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà àwọn ímeèlì tí oníbàárà ń rí gbà.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ 'ẹ kú ìnáwó' ní Faransé?" Ràhámátù bi í lọ́jọ́ kan.

"Wọn kì í sọ ọ́."

"Wọn á kàn gbowó lọ́wọ́ èèyàn, wọn á dákẹ́? Ìwà wo nìyẹn?"

"Mo kọ ọ́ pé kí aṣọ náà pẹ́ lára wọn, kí wọ́n sì fi ṣe ohun ayọ̀."

Ó wò ó títí. "Tíṣà, ẹnu yín dùn."

"Ní Faransé nìkan?"

"Ẹ jẹ́ ká parí iṣẹ́ ná." Ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ́rìn-ín.

Kí òjò ọdún náà tó dá, ọjà ti ń lọ sí Dákà àti Àbíjàn, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, Ràhámátù ti ń gbọ́ Faransé díẹ̀díẹ̀, Abdulbaqi sì ti mọ oríkì rẹ̀. "Àṣàbí mi" ló ń pè é.

Àfìgbà tí obìnrin kan láti Àbíjàn kọ̀wé pé aró ṣí sí òun lára níbi ìgbéyàwó. Ràhámátù fèsì pé aṣọ òun kì í ṣí. Ẹni tí kò bá fi omi iyọ̀ fọ àdìrẹ kó tó wọ̀ ọ́, ara rẹ̀ ni kó bá wí. Ó ní kí Abdulbaqi tú u. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, obìnrin náà kọ̀wé padà: ó dúpẹ́ gan-an fún àforíjì tí Ràhámátù tọrọ.

"Àforíjì wo? Abdulbaqi, kí lo kọ sí i?"

"Mo bẹ̀ ẹ́ ni. Inú ń bí ẹ, n kò fẹ́ kí ọjà bàjẹ́."

"Orúkọ ta ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀?"

"Tìrẹ ni."

"O fi ẹnu mi sọ ohun tí n kò sọ. Lónìí, lórí aṣọ ni. Tó bá di ọ̀rọ̀ èmi àti ìwọ lọ́la, báwo ni n ó ṣe mọ òótọ́?" Ó pa kọ̀ǹpútà dé. "Máa lọ."

Ó lọ. Ṣọ́ọ̀bù náà wá tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí inú Ràhámátù rọ̀, ó jókòó ti ìkànnì náà, ó fi ìwọ̀nba Faransé tó gbọ́ kà á láti òkè dé ilẹ̀. Kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ omi iyọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbàgbé láti sọ ọ́. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìbarà, ó bá Abdulbaqi lẹ́nu géètì ilé ìwé.

"Àforíjì yẹn tọ́," ló wí, kó tó kí i. "Ṣùgbọ́n èmi ló yẹ kí n tọrọ rẹ̀. Má bá mi sọ ohun tí n kò sọ mọ́ láé."

"Mo ṣẹ̀ ọ́, Àṣàbí. Bí ọ̀rọ̀ rẹ bá korò, bó ṣe korò ni n ó ṣe gbé e."

"Bó bá dùn ńkọ́?"

"Ìyẹn, n ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Ó wá ku Alhaji Mùsílíù, bàbá Ràhámátù. Ó fẹ́ràn ọmọkùnrin náà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ gbọ́ Àjàṣẹ́ sétí. Aishat, àkọ́bí rẹ̀, ti bá ọkọ lọ sí Jámánì. Orí fóònù ni Alhaji ti ń rí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Abdulbaqi wá tọrọ Ràhámátù, Alhaji ní kó pe ìyá rẹ̀ sórí fóònù, kí òun bá àgbà sọ̀rọ̀. Ìyá náà kò gbọ́ Yorùbá kọjá ìkíni. Ọmọ rẹ̀ ni yóò ṣe ògbufọ̀.

"Sọ fún un," ni Alhaji wí, "pé ọmọ rẹ̀ níwà, ṣùgbọ́n n kò ní fọmọ fún un. N kò bímọ kí n máa wò ó nínú fóònù. Kó lọ wá ìyàwó nílẹ̀ wọn."

Ràhámátù di ọwọ́ àga mú. Bí Abdulbaqi bá yí gbólóhùn kan padà, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ nínú ilé náà àfi òun. Abdulbaqi sún mọ́ fóònù. Ó tú u ní Faransé, gbogbo rẹ̀, láìfi oyin sí i. Nígbà tó dé ibi ìyàwó ilẹ̀ wọn pàápàá, kò fò ó. 

 Nígbà tí ìyá náà fèsì, ilẹ̀ ni Abdulbaqi ń wò bó ti ń tú u.

"Ó ní ẹ jàre, Alhaji. Ó ní èmi nìkan lọmọkùnrin tí òun bí, Abẹ́òkúta sì ti gbà mí lọ́wọ́ òun. Inú fóònù lòun náà ti ń wò mí. Ó ní òun kò bẹ̀ yín pé kí ọmọ yín wá sí Àjàṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí tòun rí ẹni bá gbélé lọ́dọ̀ yín ni."

Alhaji ṣí fìlà, ó tún un dé. "Ràhámátù, ṣé bí mo ṣe sọ tèmi náà ló ṣe sọ ọ́ fún un?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Kò yọ níbẹ̀, kò sì fi kún un."

"Kódà èyí tí mo ní kó lọ wá ìyàwó nílẹ̀ wọn?"

"Kódà ìyẹn."

Alhaji mi orí, ẹ̀rín sì ń yọ díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ̀. "Ẹni tó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ òótọ́ tó ta ko òun, kò ní purọ́ fún ọmọ mi. Sọ fún ìyá rẹ kó máa palẹ̀ mọ́, kó máa bọ̀. Yàrá kò wọ́n nílé mi."

Lọ́jọ́ yìgì, lèmọ́mù kò tíì bi Ràhámátù tán bóyá ó gbà láti fẹ́ Abdulbaqi tó ti dáhùn sókè pé, "Mo gbà á!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Abdulbaqi yíjú sí ìyá rẹ̀ láti tú u fún un, ṣùgbọ́n ìyá ti dìde, ó ti na ọwọ́ méjèèjì sí ìyàwó rẹ̀.