Ife Kejì Alájì Àbúbákr

Alájì Àbúbákr dìde láti lọ kírun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ó na ọwọ́ sí ògiri, ọwọ́ rẹ̀ tàsé, ó sì ṣubú gbì lójú àna rẹ̀, lójú àwọn àlùfáà mẹ́ta tí wọ́n jọ ti Ìfọ̀ wá.

Àlùfáà àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn.

"Àsìtàgàfúrúlláàhì! Ọtí ni!"

Gbogbo ojú yí sí Nurat. Òun ló po ohun mímu. Òun náà ni wọ́n fẹ́ so yìgì rẹ̀ pọ̀ mọ́ Muqtadir, ọmọ Alájì, ní Jímọ̀ tó ń bọ̀.

Ròkíátù, ẹ̀gbọ́n Muqtadir, fi ọwọ́ kan di ikùn oyún rẹ̀ mú, ó na èkejì sí Nurat. "Ọ̀mùtí! O fún bàbá mi lọ́tí! Ẹrù ìdána wa, ẹ kó o jáde kí wọ́n tó pe Mọ̀gàríbì. A ò ṣe mọ́!"

Wọ́n gbé Alájì lọ sórí ẹní ní igun yàrá. Ó ku wákàtí mẹ́ta kí wọ́n pe Mọ̀gàríbì.

Ìyá Nurat sáré lọ kan ilẹ̀kùn tó kọjú sí tirẹ̀. Folúkẹ́ ló ń gbé ibẹ̀, sájẹ́ńtì ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ti wà ní Ìbàfò láti ìgbà tí iwájú ilé yẹn ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́, tí igbe àparò máa ń jí èèyàn láàárọ̀, kí ariwo tírélà ọ̀nà márosẹ̀ tó gba gbogbo ibẹ̀ kan.

"Màmá Sájẹ́ńtì, ẹ gbà mí! Wọ́n fẹ́ ba ọmọ mi lórúkọ jẹ́."

Folúkẹ́ wọ bàtà. "Kí ẹnikẹ́ni má fọ ife kankan."

Ìgò wáìnì aláìlọ́tí méjì ti ṣí lórí tábìlì. Ìkẹta ṣì wà ní dídé. Folúkẹ́ gbóòórùn èyí tó ṣẹ́kù nínú ìgò, ó tọ́ ọ wò. Àjàrà àti ṣúgà lásán.

"Ta ló ṣí i?"

Nurat ní, "Èmi ni, mà. Ojú gbogbo wọn ni. Kọ́ọ̀kì rẹ̀ dún pòò, ó lu àjà. Àwọn àlùfáà pàápàá rẹ́rìn-ín."

Folúkẹ́ mú kọ́ọ̀kì náà. Ìdí rẹ̀ ti wú bí olú. Ó tì í, kò wọ ẹnu ìgò mọ́. "Ẹni tó bá ti ṣí irú èyí, kò lè dé e padà kó tún dún. Wáìnì kọ́. Sọ bó o ṣe pò ó fún mi. Má fo nǹkan kan."

Nurat nu ojú. "Mo gé ọ̀pẹ̀yìnbó àti wọ́tàmẹ́lọ̀n wẹ́wẹ́ láàárọ̀ àná. Mo dì wọ́n sí láílọ́ọ̀nù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo gbé wọn lọ sínú fírísà Sàhéèdì. Èso tó dì ni mo fi ń dípò yìnyín, torí yìnyín máa ń sọ wáìnì di omi. Lónìí, mo kó èso sínú ife, mo bu omi ọsàn àti omi jíńjà sí i. Wáìnì ló kẹ́yìn. Mo tẹ ife sí ẹ̀gbẹ́, mo ń rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kó má baà hó dànù."

"Èso yẹn dì dáadáa?"

"Wọ́tàmẹ́lọ̀n le bí òkúta. Ọ̀pẹ̀yìnbó ló rọ̀. Mo ní bóyá iná ò tó."

"Fírísà kan náà?"

"Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni, mà."

Folúkẹ́ yọ ọ̀pẹ̀yìnbó kan nísàlẹ̀ ife Alájì, ó jẹ ẹ́. Jíńjà ló kọ́kọ́ ta á lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, nǹkan mìíràn jó o lọ́fun. Ó tu ú dànù.

Ó lọ tú agolo ìdọ̀tí. Láílọ́ọ̀nù wọ́tàmẹ́lọ̀n ní kókó lẹ́nu. Wọ́n fi okùn rọ́bà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan di ti ọ̀pẹ̀yìnbó, irú èyí tí àwọn oníwáyà fi ń di wáyà pọ̀.

"Ìwọ lo dì í báyìí?"

"Rárá, mà. Mo so méjèèjì ní kókó ni. Mo rò pé Sàhéèdì ló tún un dì."

Ṣọ́ọ̀bù Sàhéèdì wà ní ìsọdá títì. Omi tútù àti yìnyín ló ń tà. Ojú rẹ̀ le kí Folúkẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ wá mú mi, àbí? Torí pé mo ti ní kí Nurat fẹ́ mi rí?"

"Ó kọ̀ ọ́?"

"Ó kọ̀ mí. Ojú tì mí fún ọ̀sẹ̀ kan, ó tán."

"Okùn yìí ńkọ́?"

"Ó kún ibí. Muqtadir ló fi di wáyà sólà mi, ó gbàgbé odidi ìdì kan sílẹ̀."

"Ta ló fọwọ́ kan fírísà lánàá?"

"Ròkíátù wá ra yìnyín lọ́sàn-án. Ó ní mo lọ́ra, ó fọwọ́ ara rẹ̀ mú un. Nírọ̀lẹ́, Muqtadir wá wo bátìrì. Tí àwa mẹ́ta ò bá tó yín, mà, ẹ mú fírísà náà kún un."

Ròkíátù jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé, ó ń jẹ ọ̀pẹ̀yìnbó nínú láílọ́ọ̀nù. Kò kí Folúkẹ́.

"Ọ̀dọ̀ ọ̀mùtí yẹn ni kẹ́ ẹ lọ."

"O kórìíra rẹ̀."

"Gan-an ni! Ọmọ àtọ̀húnrìnwá, yàrá kan ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé."

"O fẹ́ràn ọ̀pẹ̀yìnbó."

"Òun nìkan ni oyún yìí ń gbà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Muqtadir ń rà á wá fún mi níbí láti Ìfọ̀. Àbúrò gidi nìyẹn."

"Ti inú ife rẹ ò wá ṣe ọ́ ní nǹkan kan?"

"Kò sí nínú tèmi. Muqtadir gba ife lọ́wọ́ mi, ó fi ṣíbí ṣa ọ̀pẹ̀yìnbó rẹ̀ kúrò, ó ní kò dáa fún aláboyún."

Folúkẹ́ wo láílọ́ọ̀nù ọwọ́ rẹ̀ títí. "O ṣeun, ọmọ mi."

"Ọmọ yín kọ́ ni mí."

Ó ku ogún ìṣẹ́jú. Ẹrù ìdána ti wà lẹ́nu ọ̀nà: Kùránì, ẹní ìkírun, àpótí aṣọ. Alájì ti jí. Ó jókòó sórí àga, kò lè gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni.

Folúkẹ́ dúró láàárín wọn. "Ọtí ò sí nínú wáìnì. Inú ọ̀pẹ̀yìnbó ló wà. Omi èso máa ń dì. Ògógóró kì í dì nínú fírísà. Ìdí nìyẹn tí wọ́tàmẹ́lọ̀n fi le, tí ọ̀pẹ̀yìnbó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì rọ̀. Ẹnì kan tú kókó Nurat lánàá, ó da ògógóró sí i, ó fi okùn oníwáyà dì í padà. Ọ̀pẹ̀yìnbó mu ún di òní. Jíńjà bo òórùn rẹ̀. Àwọn yòókù ò tíì mu tó Alájì."

"Sàhéèdì ni!" Ròkíátù pariwo. "Okùn yẹn kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀!"

"Ó kún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n Sàhéèdì ò sí níbí nígbà tí ẹ̀ ń mu ún. Ẹni tó mọ ohun tó wà nínú ọ̀pẹ̀yìnbó wà níbí, kò sì fẹ́ kó kan oyún ẹ̀gbọ́n rẹ̀." Ó yí sí ọkọ ìyàwó. "Muqtadir, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lò ń ra ọ̀pẹ̀yìnbó fún un. Ìgbà wo ló di èèwọ̀ aláboyún?"

Láílọ́ọ̀nù bọ́ lọ́wọ́ Ròkíátù.

Muqtadir ní, "Màmá, ẹ ò lè kàn dìde kẹ́ ẹ máa..."

"Muqtadir." Ohùn Alájì kò ga. "Èmi ni kó o dá lóhùn. Ó ṣì ń rùn lẹ́nu mi."

Muqtadir dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀yin lẹ yan Nurat, Bàámi. Ẹ ò bi mí. Mo ní ẹni tí mò ń fẹ́ ní Arépo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ lé mi jáde. Kò sẹ́ni tó lè tú ọ̀rọ̀ yìgì yìí ká àfi ẹ̀yin. Mo ní tẹ́ ẹ bá gbóòórùn ọtí nílé wọn, ẹ ó dìde kúrò níbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹ ó mu ún tán. Mi ò mọ̀ pé ẹ ó bèèrè ife kejì."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Alájì kọjú sí Nurat. "Ọmọ mi, foríjì wá. Èmi ni mo sọ ọ́, yìgì ò yẹ̀. Jímọ̀ náà ni."

Nurat fi ọwọ́ méjèèjì gbé Kùránì lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e lé Ròkíátù lọ́wọ́.

"Rárá, bàbá. Ẹni tó lè fi orúkọ mi nulẹ̀ kó lè rí ọ̀nà àtilọ, ó kúkú lọ."

Ó ṣí ìgò kẹta. Kọ́ọ̀kì dún pòò. Ó kó wọ́tàmẹ́lọ̀n tó ṣẹ́kù sínú ife, ó tẹ ife sí ẹ̀gbẹ́, ó rọ wáìnì sí i díẹ̀díẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú Alájì.

"Ẹ mu ún, bàbá, kí wọ́n rí i pé ilé wa kì í ṣe ilé ọtí."

"Alájì, ẹ má gbà á!" ni àlùfáà àgbà wí.

Alájì gbà á. Ó mu ún dé ìdí, ó jẹ wọ́tàmẹ́lọ̀n rẹ̀, ó dá ife padà fún un. Níta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe Mọ̀gàríbì. Bàbá náà dìde láìdi nǹkan kan mú, ó sọdá ara ọmọ rẹ̀ tó ṣì dọ̀bálẹ̀, ó sì lọ ṣe àlùwàlá.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yẹ̀.