Ìṣísẹ̀ Méje Lókè Ilé Ẹjọ́

Ọjọ́ tí adájọ́ tuntun kọ́kọ́ jókòó gbẹ́jọ́ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ìṣísẹ̀ méje. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Àwọn oníṣòwò iyọ̀ méjì tí ẹrù wọn dàpọ̀ lójú ọ̀nà ló dúró níwájú rẹ̀, akọ̀wé sì ń fi kálámù ìyẹ́ kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Ló bá dún kọ̀, ó tún dún kọ̀, nínú yàrá ńlá tó wà lẹ́yìn ògiri, níbi tí kò sí ẹnì kankan. Ìró náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ń bọ̀ lọ́nà ilẹ̀kùn, bí ìgbà tí ẹni tó sanra bá ń rìn jẹ́jẹ́. Nígbà tó pé méje, ó dákẹ́. Àwọn oníṣòwò iyọ̀ kò dúró gbọ́ ìdájọ́. Ọ̀kan gbàgbé bàtà rẹ̀. Èkejì fo àtẹ̀gùn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ òun ló ti ń ráhùn láti àárọ̀ pé ẹsẹ̀ ń ro òun.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé náà ṣe rí. Ogun ti parí nígbà yẹn, ó ti tó ọdún mẹ́wàá, àwọn ẹlẹ́rù sì ti ń gba ojú ọ̀nà kọjá láìwẹ̀yìn. Ìjọba tó gba ìlú lẹ́yìn ogun ní dandan ni kí ilé ẹjọ́ wà lẹ́nu ibodè, kí ẹni tó bá ń ti òkèèrè wọ̀lú lè rí i pé òfin ti dé. Ilé alájà méjì ni, ògiri rẹ̀ nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ méjì, páànù orí rẹ̀ ń kọ mànà lójú oòrùn, fèrèsé rẹ̀ sì ga tó ènìyàn. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ló ṣe iṣẹ́ igi rẹ̀. Ìlú kì í fi orúkọ pè wọ́n. Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò ni wọ́n ń jẹ́ lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n ṣí ilé náà, Ẹ̀gbọ́n jábọ́ láti fèrèsé òkè, ó sì kú.

Ọdún kẹta rèé, gbogbo ìlú sì ti gbà pé òun ló ń rìn lókè ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan ní òòlù rẹ̀ ló ń wá. Àwọn kan ní ìjọba ló ń bá jà. Obìnrin kan tó ń ta ẹní lẹ́bàá ibodè búra pé òun rí i tó yọjú, tó wọ ẹ̀wù pupa, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá mọ Ẹ̀gbọ́n mọ̀ pé kò ní ẹ̀wù pupa rí láyé rẹ̀. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í wá ẹlẹ́rìí tì.

Adájọ́ tuntun yìí kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi òkú dẹ́rù bà. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ẹ̀wù dúdú rẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ, bí kò bá sì gba ọ̀rọ̀ kan gbọ́, a bọ́ awò ojú rẹ̀, a máa nù ún. Ó bọ́ ọ, ó ń nù ún.

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn?"

Akọ̀wé ní, "Olúwa mi, obìnrin tó ń gbálẹ̀ ni. Òun nìkan."

"Ẹ pè é wá."

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ yìí, opó ni, ó ti lé lógójì ọdún. Wádìí ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ohun tí kì í béèrè. Bí o bá sọ fún un pé òjò fẹ́ rọ̀, yóò bi ọ́ pé ta ló sọ fún ọ. Ó wọlé, ó ṣì fi aṣọ ìnulẹ̀ kọ́ èjìká.

"Òkú kì í rìn," ni adájọ́ wí. "Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ló ń rìn, tàbí kó jẹ́ pé òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ń rìn, kí àwọn èèyàn lè máa sá fún ilé ẹjọ́."

"Olúwa mi, ìsàlẹ̀ ni mo wà. Omi ni mò ń pọn sínú àmù."

"Mo fún ọ ní ọjọ́ márùn-ún. Bí o bá fi ohun tó ń rìn hàn mí, o bọ́. Bí o ò bá fi hàn mí, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà."

Wádìí wo ojú rẹ̀. "Ẹ ṣeun, Olúwa mi. Ṣé mo lè bi yín ní ìbéèrè kan?"

"Rárá."

Ẹ̀rù bà á, kí n má parọ́. Ọmọbìnrin méjì ló wà nílé rẹ̀ tí kò ní ẹlòmíì tí yóò bọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ló ti fi ń gbá yàrá yẹn láàárọ̀, tó sì ń tètè jáde kí oòrùn tó rẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn tipẹ́. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó bá ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó sórí àpótí nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ìyá Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò ni. Ìrọ̀lẹ́ kan kì í kọjá kí ìyá yìí má wá. A fi aṣọ dúdú borí, a fẹ̀yìn ti ògiri, a gbọ́ ìṣísẹ̀ méje, a dìde, a lọ. Ẹnì kankan kò jẹ́ lé e. Ta ló fẹ́ lé ìyá tó wá gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀?

"Ẹ kú ìjókòó, Ìyá."

"O ṣeun, Wádìí. Wọ́n bá ọ wí lókè?"

"Wọ́n ní kí n fi ẹni tó ń rìn hàn wọ́n ni. Àbí ẹ̀wọ̀n."

Ìyá wò ó títí. "Wò ó dáadáa nígbà náà," ló wí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Wádìí bu eérú, ó fi ajọ̀ kù ú sórí gbogbo ilẹ̀ pákó yàrá náà, ó wá jókòó sí igun kan, ó ká ẹsẹ̀ kò. Oòrùn kúrò lójú fèrèsé, atẹ́gùn tútù wọlé. Kọ̀. Wádìí dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ẹsẹ̀ ní kó lọ, ojú ní kó wò. Ojú borí. Kọ̀, kọ̀, ìró náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì sí ipa ẹsẹ̀ kankan lórí eérú. Ohun tó rí ni pé pákó kan mì, eérú orí rẹ̀ ta, ó sì jò sínú àlàfo. Pákó tó tẹ̀ lé e náà mì. Méje ni wọ́n. Ìyókù kò mira.

Bó ṣe gbàgbé ẹ̀rù nìyẹn. Ó da ikùn délẹ̀ nínú eérú, ó fi èékánná fa orí ìṣó kan, ìṣó náà sì yọ bí eyín ọmọdé tó ti ń mì. Ó fa òmíràn, òun náà yọ. Ó gbìyànjú ti pákó kẹjọ, èékánná rẹ̀ ló ṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì ẹ̀, ó kọrí sí ìsọ̀ Àbúrò lódì kejì ìlú. Àbúrò kì í gba ọ̀nà ibodè láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Ẹ̀gbọ́n. Etí odò ló máa ń gbà, bó tilẹ̀ jìnnà. Kì í sì í dé ilé ìyá rẹ̀; ọwọ́ ẹlòmíràn ló ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí i. Wádìí bá a tó ń rẹ́ igi, lẹ́búlẹ́bú igi bo irùngbọ̀n rẹ̀. Ó kó ìṣó méjèèjì lé orí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló lè mú kí obìnrin fi ọwọ́ lásán yọ ìṣó?"

Ayùn dúró. "Níbo lẹ ti yọ ọ́?"

"Ìbéèrè ni mo bi yín."

Àbúrò mú ìṣó kan, ó ń yí i láàárín ìka. "Inú ihò àtijọ́ ni wọ́n kàn án padà sí. Ìṣó kì í mú nínú ihò àtijọ́. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan péré mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí oòrùn bá mú páànù, pákó á wú. Bó bá tutù, á sún kì, á ta mọ́ ìṣó tí kò mú, á sì dún."

"Ta ló wá kàn án padà síbẹ̀?"

"Èmi ni."

Ó jókòó sórí ìtì igi. Ó ní igi tútù ni pákó náà. Ẹ̀gbọ́n ní kó sùn lábẹ́ àtíbàbà fún ọdún kan kó gbẹ, òun Àbúrò ní ìjọba ti dá ọjọ́, ọjọ́ sì ti lé àwọn bá. Ọjọ́ tí Ẹ̀gbọ́n kò sí nílé lòun kàn án. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n dé, ó gòkè lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

"Ó ti tú méje. Mo di ẹ̀kẹjọ mú. Òun ń fà, èmi ń fà, ó bú mi, mo bú u. Inú bí mi, mo bá jọ̀wọ́ pákó náà fún un lójijì. Fèrèsé ló wà lẹ́yìn ẹ̀, a ò tíì fi igi dí i." Ó gbé ìṣó náà sílẹ̀. "Ọjọ́ kẹta tí a sin ín, mo padà lọ kan méje yẹn. Ẹ̀kẹjọ ti ṣẹ́, pákó mìíràn ni mo fi dípò rẹ̀; àmọ́ ti méje yẹn, mo ń sáré kí n lè kúrò níbẹ̀. Mi ò lu ihò tuntun."

Wádìí sún mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ óò sọ ọ́ níwájú adájọ́?"

"Ẹsẹ̀ ọmọ tó kú ni ìyá mi ń gbọ́ níbẹ̀. Bí mo bá ní ìṣó ni, kí ló kù fún un? Ẹ fẹ́ kí n pa Ẹ̀gbọ́n lẹ́ẹ̀kejì ni?"

"Èmi náà lọ́mọ méjì tó ń gbọ́ ẹsẹ̀ mi nílé," ni Wádìí wí. Ó fi ìṣó sílẹ̀ fún un, ó lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, èrò kún ilé ẹjọ́ dé àtẹ̀gùn. Olówò ọ̀nà jíjìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù àrán, àwọn ẹlẹ́rù wà níbẹ̀ pẹ̀lú òṣùká lórí. Adájọ́ ti fẹ́ dájọ́ Wádìí nígbà tí Àbúrò la àárín èrò kọjá, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò sùn lọ́jọ́ méjì. Ó sọ gbogbo rẹ̀: ti igi tútù, ti pákó kẹjọ, ti ihò àtijọ́. Kò fi ọ̀kan pamọ́. Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá ńlá lọ, ó fi ọwọ́ lásán tú pákó méjèèje lójú gbogbo ayé. Adájọ́ ní obìnrin náà ti bọ́. Ní ti ikú, ó ní òun kò rí ẹni tó ti ẹnì kejì rẹ̀. Kí gbẹ́nàgbẹ́nà lọ tún ilẹ̀ ìjọba ṣe. Àwọn èèyàn ń tú ká, inú wọn kò dùn. Òkú ni wọ́n wá wò, ìṣó ni wọ́n rí.

Àbúrò sọ̀ kalẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà lórí àpótí. Wọ́n ti sọ ọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti òkè kó tó dé. Àbúrò kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ dárí jì mí. Kì í ṣe Ẹ̀gbọ́n ló ń rìn."

"Mo mọ̀."

Ó gbójú sókè.

"Ta ni mo fẹ́?" ni ìyá bi í. "Ogójì ọdún ni bàbá yín fi kan pákó, èmi ni mò ń bá a mú ìṣó dání. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìró yẹn ni mo ti mọ̀ pé ìṣó ò mú."

"Kí lẹ wá ń jókòó tì níbí?"

"Ìwọ ni. Ọmọ méjì ni mo bí, ọjọ́ kan náà ni mo pàdánù àwọn méjèèjì. O ò wọ ilé mi mọ́. Mo wá ní gbẹ́nàgbẹ́nà tí iṣẹ́ ẹ̀ bá ń ké báyìí, bó pẹ́ bó yá, yóò wá tún un ṣe. Mo jókòó síbi tí o ò ti ní lè kọjá láìrí mi."

Àbúrò sunkún bí ọmọ ọwọ́. "Èmi ni mo jọ̀wọ́ pákó náà, Ìyá."

"Ìyẹn ni mi ò mọ̀ títí di òní. Ó dùn mí, yóò sì máa dùn mí. Dìde, ká lọ sílé."

Ó tún pákó méjèèje kàn, igi gbígbẹ, ihò tuntun. Ìyá rẹ̀ jókòó láàárín yàrá, ó ń na ìṣó sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, ilẹ̀ yẹn kò dún mọ́. Wádìí gbálẹ̀ níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún sí i, ó sì ń sọ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í pé ìṣó ni, ìṣó lásán. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Adájọ́ lọ, òmíràn dé; ìjọba lọ, òmíràn dé. Wọ́n sọ ilé náà di ilé ìwé, wọ́n tún sọ ọ́ di ibi ìkẹ́rùsí, báyìí àwọn àlejò ń ti òkèèrè wá wò ó. Àbúrò darúgbó, ó sì kú lórí ibùsùn rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n sin ín tí ìtàn náà fi yí padà, a kò sì mọ ẹni tó yí i. Wọ́n ní ìṣísẹ̀ òkè ti di mẹ́rìnlá: ẹnì kan ṣáájú, ẹnì kan ń tẹ̀ lé e, wọ́n jọ ń ti ojú fèrèsé bọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà.