Ẹní Tó Bo Imú Mọ́tò

Haneefah tètè jí. Lónìí, wọn yóò sọ àbúrò rẹ̀ tuntun lórúkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Màmá àti Bàbá ti wà lọ́hùn-ún. Haneefah wà ní Ọ̀yọ́ lọ́dọ̀ Bàbá Àgbà.

"Mo fẹ́ gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ń pe orúkọ ẹ̀," ni Haneefah wí.

"A máa débẹ̀, ọmọ mi."

Bàbá Àgbà ti ra ẹní tuntun fún ọmọ náà. Ẹní aláwọ̀ pupa àti funfun, aláràbarà. Ó nà án gbalaja, ó so ó mọ́ iwájú mọ́tò, kí gbogbo ọjà Akẹ̀sán lè rí i. Bàbá Àgbà fẹ́ràn fáàrí díẹ̀.

"Ẹ kú oríire o," àwọn ará ọjà ń kí i. Bàbá Àgbà ń rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́.

Gbùrù-gbùrù, mọ́tò ń lọ. Igi ń kọjá. Ìkùukùu ń bá wọn lọ. Oorun ń kun Haneefah.

Ṣììììì.

Èéfín funfun ń rọra jáde níwájú mọ́tò. Bàbá Àgbà dúró lábẹ́ igi máńgòrò kan.

"Mọ́tò ti gbóná," ó wí.

"Ẹ bu omi sí i, Bàbá Àgbà."

"Rárá. Bí rédíétọ̀ bá gbóná, a kì í ṣí ìdérí ẹ̀. Omi gbígbóná á ta síni lójú. Ká dúró kó tutù."

Ọkàn Haneefah bàjẹ́. Ṣé wọn ò ní pe orúkọ náà kí òun tó dé?

"Kí ni rédíétọ̀ ń ṣe, Bàbá Àgbà?"

"Òun ló ń mú omi tutù. Omi ń rìn yí ẹ́ńjìnnì ká, ó ń gbé ooru. Ó gbé e wá sí rédíétọ̀, níbí, ní imú mọ́tò. Afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, fúúú. Omi á tutù, á tún padà lọ."

Haneefah di ojú. Ó ń rí omi náà. Omi ń rìn, ó ń rìn. Ó gbóná, ó rẹ̀ ẹ́. Ó dé imú mọ́tò, ó ń retí afẹ́fẹ́.

Fúúú? Rárá. Nǹkan pupa, nǹkan funfun ló dí ọ̀nà.

Haneefah la ojú.

"Bàbá Àgbà, ẹní wa ló bo imú mọ́tò. Kò rí afẹ́fẹ́ gbà."

Bàbá Àgbà wo ẹní. Ó wo mọ́tò. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Fáàrí mi ló fà á," ó wí.

Wọ́n tú ẹní náà, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ igi. Wọ́n dùbúlẹ̀ lé e. Ewé ń jó lókè. Mọ́tò ń tutù díẹ̀díẹ̀. Tín... tín... tín... Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.

Bàbá Àgbà fi àkísà di ìdérí mú, ó rọra ṣí i. Ó bu omi sí i. Gulu, gulu, gulu.

"Láràárọ̀ ni n ó máa wo omi ẹ̀, kí n tó tan mọ́tò," ó wí.

Ẹní wọ inú mọ́tò. Afẹ́fẹ́ wọ imú mọ́tò. Fúúú.

Nígbà tí wọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́, èrò ti kún ilé. Ààfáà ti jókòó. Haneefah sáré wọlé.

"Ṣé ẹ ti pè é?"

"Rárá o," ni Màmá wí. "Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ là ń retí."

Ààfáà sọ orúkọ náà sí ọmọ létí. Mashood.

Haneefah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó pè é jẹ́jẹ́. "Mashood."

Ọmọ náà la ojú kan. Ó wò ó, ó wò ó. Inú Haneefah dùn títí.

"Èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹ," ó wí.